Orí Òkè Ni Odò Ti Ń Bàjẹ́

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọmọ tí ó lọ sí ìdálẹ̀ tí kò bojú wẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yọ ti ọmọ náà kúrò, tí ó gbé òwe yẹ̀ wò bí ó ṣe rí gan-an, ẹ̀kọ́ ńlá ni ó kù sínú rẹ̀ nípa odò fúnra rẹ̀. Níbo tilẹ̀ ni orísun odò? Bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn, abẹ́ àpáta tàbí ìdí igi tí omi ti ń sun jáde ni wọn yóò nawọ́ sí. Ibi tí omi ti kọ́kọ́ yọjú ni ibẹ̀ yẹn, kì í ṣe ibi tí ó ti wá. Orísun odò ni gbogbo ilẹ̀ tí ó yí i ká, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé ṣóńṣó rẹ̀, níbi tí òjò ń rọ̀ sí, tí omi rẹ̀ kò sì ní ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà lọ ju inú odò yẹn lọ.

Ẹ wo òrùlé ilé. Òjò tí ó bá rọ̀ sí apá ọ̀tún, ọ̀tún ni ó ń ṣàn sí. Èyí tí ó bá rọ̀ sí apá òsì, òsì ni ó ń gbà lọ. Garawa tí ìyàwó ilé gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún kò lè rí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo gbà láti apá òsì. Bí ẹyẹ bá sì yàgbẹ́ sórí páànù lápá ọ̀tún, inú garawa ọ̀tún ni ìdọ̀tí náà yóò bá omi wọ̀. Ìyàwó ilé lè fọ garawa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, kí ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó fi kànìnkànìn gbo ó, omi tí yóò bọ́ sínú rẹ̀ kò ní mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá gun orí òrùlé lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti odò. Òkè tí ó ya omi sọ́tùn-ún sósì ni ṣóńṣó òrùlé, odò ni garawa, gbogbo ilẹ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì sì ni ilẹ̀ tí ó ń bọ́ odò náà. Ohunkóhun tí a bá ṣe sí ilẹ̀ yìí, odò ni a ṣe é sí, ìbáà jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe é kò fi ẹsẹ̀ kan omi odò náà rí láyé rẹ̀.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà ní odò kékeré kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Hubbard Brook ni orúkọ rẹ̀. Bí àjòjì bá dé etí rẹ̀, kò ní rí ohunkóhun tí yóò dá a dúró. Kò fẹ̀, kò jìn, òkúta ni ó kún inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni ọmọdé sì lè fò kọjá láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1963 ni àwọn onímọ̀ ti ń bu omi rẹ̀, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Nígbà tí odò kékeré yìí sì sọ̀rọ̀, àwọn alágbára ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbọ́.

Ìpínlẹ̀ New Hampshire ni ó wà, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, láàárín àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní White Mountains. Àfonífojì rẹ̀ rí bí ọpọ́n gígùn tí a gbé kalẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ibi tí ó ga jù lọ níbẹ̀ fi nǹkan bí 1,000 mítà ga ju ojú òkun lọ, ibi tí ó rẹlẹ̀ jù kò sì ju nǹkan bí 220 mítà. Ilẹ̀ tí ó wà nínú àfonífojì náà lé ní 3,000 hẹ́kítà. Láti ọ̀tún àti láti òsì ni àwọn ìṣàn omi kéékèèké ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá odò náà, bí egungun wẹ́wẹ́ inú ẹja ṣe ń pàdé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Bí odò náà bá ti kó gbogbo wọn jọ tán, yóò dorí kọ ìlà-oòrùn, yóò wọ inú odò Pemigewasset. Pemigewasset àti Winnipesaukee yóò pàdé ní ìlú Franklin, wọn yóò di odò Merrimack. Merrimack yìí ni ó gba Manchester àti Lowell kọjá, tí agbára omi rẹ̀ ń yí ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ òwú ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, kí ó tó lọ já sí òkun ní Newburyport. Òkun Àtìláńtíìkì ni òkun náà, òun kan náà tí ìgbì rẹ̀ ń lu etíkun Èkó.

Igbó ni ó bo gbogbo òkè tí ó yí odò yìí ká. Igi máápù, igi bíìṣì àti igi bẹ́ẹ̀ṣì ni ó pọ̀ ní ìsàlẹ̀. Lókè níbi tí òtútù ti mú jù ni àwọn igi tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́ wà. Kì í ṣe igbó tí ọwọ́ kò kàn rí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọ inú ogún, àwọn agégi wọ inú àfonífojì náà, wọ́n sì gé e dáadáa. Igbó tún hù padà. Ní ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó igbó ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn wọn nígbà náà kò ju pé: bí a bá gé igi orí òkè, ǹjẹ́ omi odò yóò pọ̀ sí i ni, tàbí yóò dín kù? Ta ni ó ń mú omi ya wọ ilé àwọn tí ó wà nísàlẹ̀?

Ohun tí ó mú ibẹ̀ yẹ fún iṣẹ́ náà ni òkúta abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Òkìtì yìnyín ńlá tí ó bo ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ ha erùpẹ̀ ibẹ̀, ó sì fi èyí tí kò nípọn sílẹ̀ lórí àpáta líle tí omi kò fi bẹ́ẹ̀ lè gbà jò. Omi òjò tí ó bá rọ̀ síbẹ̀ kò rí abẹ́ ilẹ̀ sá lọ. Ọ̀nà méjì péré ni ó ní: kí ó padà sínú afẹ́fẹ́ láti ara ewé àti nípa oòrùn, tàbí kí ó bá odò lọ. Nítorí náà, ìṣirò omi náà rọrùn bí ìwé oníṣòwò tí ó kọ owó tí ó wọlé sápá kan, tí ó kọ èyí tí ó jáde sápá kejì. Nǹkan bí 1,400 mílímítà òjò àti yìnyín ni ó ń bọ́ síbẹ̀ lọ́dún. Nínú rẹ̀, nǹkan bí 6 nínú 10 ni odò ń gbé lọ, ìyókù ni igi mu tí oòrùn sì fà.

Kí ìṣirò náà má baà jẹ́ àfojúdá, wọ́n mọ ògiri kọnkéré dí ẹsẹ̀ àwọn ìṣàn omi kéékèèké náà, wọ́n sì ṣí ojú kan sílẹ̀ lórí ògiri náà tí ó rí bíi lẹ́tà V, kí gbogbo omi lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí omi bá ṣe ga tó lójú V yìí ni wọ́n fi ń mọ bí ó ṣe pọ̀ tó, lọ́sàn-án àti lóru, nígbà òjò àti nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ní ọdún 1963, àwọn ọkùnrin mẹ́rin fi ọ̀rọ̀ tuntun kún iṣẹ́ náà. Herbert Bormann mọ̀ nípa igi àti ewéko. Gene Likens mọ̀ nípa omi. Noye Johnson mọ̀ nípa òkúta. Robert Pierce ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ igbó tí ó wà nídìí ibẹ̀. Èrò wọn ni pé oníṣègùn kì í la ikùn aláìsàn kí ó tó mọ ohun tí ń ṣe é. Yóò gba ìtọ̀ rẹ̀, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ara kò lè sọ ni ìtọ̀ yóò sọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni odò ṣe jẹ́ sí ilẹ̀ tí ó ń bọ́ ọ. Bí ara ilẹ̀ bá le, odò yóò sọ. Bí ilẹ̀ bá ń ṣàìsàn, odò ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn èyí le. Wọ́n mú apá ilẹ̀ kan tí kò ju hẹ́kítà 16 lọ, tí ìṣàn omi tirẹ̀ dá wà. Ní ìparí ọdún 1965, wọ́n gé gbogbo igi orí rẹ̀ lulẹ̀, wọn kò gbé ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, wọn kò la ọ̀nà wọ ibẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé táyà ọkọ̀ ni wọn yóò di ẹ̀bi rù. Ní ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ń fín oògùn tí ó ń pa ewéko síbẹ̀ kí ohunkóhun má lè hù. Wọ́n sì fi apá mìíràn tí ó wà nítòsí sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí wọ́n lè máa fi èkínní wé èkejì.

Omi kọ́kọ́ dáhùn. Igi tí ó ń mu ún kò sí mọ́, nítorí náà èyí tí ó gba ojú V kọjá ní ọdún àkọ́kọ́ fi nǹkan bí 40 nínú 100 pọ̀ ju bí ì bá ti rí lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè ní ire ni, ṣebí omi ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí omi náà gbé dání. Náítíréètì, èyí tí í ṣe èròjà ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń fi owó rà, fò sókè nínú omi náà ju ìlọ́po 40 lọ, débi pé ó kọjá ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà gbà láàyè fún omi mímu. Ilẹ̀ tí igi ń dì mú ti ń tú ohun tí ó kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún dànù sínú odò. Ti erùpẹ̀ kò tètè hàn, nítorí gbòǹgbò àwọn igi tí wọ́n gé ṣì di ilẹ̀ mú fúngbà díẹ̀. Nígbà tí gbòǹgbò jẹrà tán ni erùpẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi lọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó gé igi lónìí lè má rí ohun tí ó ṣe lónìí. Ó lè ti gba owó pákó rẹ̀ ná tán kí odò tó sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó lókìkí jù lọ láti ibẹ̀ kì í ṣe ti igi. Kí ènìyàn tó lè ṣírò ohun tí ó jáde, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbe òjò pẹ̀lú. Láti ọdún 1963 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ òjò náà wò ni ó ti yà wọ́n lẹ́nu. Ó kan, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan tó ọsàn. Ó kan tó nǹkan bí ìlọ́po 100 ju bí wọ́n ṣe rò pé ó yẹ kí òjò orí òkè tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan nítòsí rí. Ta ni ó ba òjò jẹ́ lójú ọ̀run?

Èédú ni. Ní ọ̀nà jíjìn sí ìwọ̀-oòrùn, ní agbègbè odò Ohio, àwọn ilé-iṣẹ́ mànàmáná ńláńlá ń sun èédú tí wọ́n wà nínú ilẹ̀. Èéfín rẹ̀ gbé imí-ọjọ́ sókè, afẹ́fẹ́ gbé e rìn kọjá ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, òjò sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn òkè New Hampshire. Ní ọdún 1972, Likens, Bormann àti Johnson kọ ọ́ jáde fún aráyé kà. Àríyànjiyàn rẹ̀ gba ọdún púpọ̀, nítorí àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò odò kékeré náà wà nílẹ̀, ọdún lórí ọdún, ìwọ̀n lórí ìwọ̀n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1990, Ààrẹ George Bush àgbà fọwọ́ sí òfin tí ó fi dandan mú àwọn ilé-iṣẹ́ náà dín imí-ọjọ́ wọn kù. Láti ìgbà náà ni ìkan inú òjò ti ń rọlẹ̀.

Ṣé odò wá sàn lọ́jọ́ kejì? Rárá o. Láti ọ̀pọ̀ ọdún tí òjò kíkan ti ń rọ̀, ó ti fọ kálísíọ̀mù, èròjà tí ó ń mú egungun ènìyàn le tí igi náà sì nílò, kúrò nínú ilẹ̀ òkè yẹn. Òjò dára tán, ilẹ̀ kò lókun mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú hẹlikópítà fọ́n òkúta lílọ̀ tí kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀ sórí apá ilẹ̀ kan tí ó jẹ́ hẹ́kítà 12, wọ́n sì rí i pé igi máápù orí ilẹ̀ náà tún jí. Ṣùgbọ́n hẹ́kítà 12 ni. Ta ni yóò ra hẹlikópítà tí yóò fọ́n oògùn sórí gbogbo òkè ayé? Ohun tí ènìyàn fi ogún ọdún bàjẹ́, ó lè gba ọmọ ọmọ rẹ̀ kí ó tó tún un ṣe.

Adágún kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì náà, Mirror Lake ni wọ́n ń pè é. Ìṣàn omi mẹ́ta ni ó ń wọ inú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1970, wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ kan kọjá ní ẹ̀bá ibẹ̀, ó sì gba orí ilẹ̀ tí ó ń bọ́ èyí tí ó kéré jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì kí yìnyín má baà mú ọkọ̀ yọ̀. Iyọ̀ náà sì rí ọ̀nà lọ. Láti inú ìṣàn tí ó kéré jù lọ yìí ni apá púpọ̀ nínú iyọ̀ tí ó wọ adágún náà ti ń wá. Bí a gbálé, bí a gbáta, orí àkìtàn là ń darí rẹ̀ sí. Odò ni àkìtàn gbogbo ohun tí a bá ṣe lókè.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, pé yìnyín kì í bọ́ nílẹ̀ Yorùbá, pé àwa kò da iyọ̀ sójú títì. Ṣùgbọ́n irú ìṣirò kan náà ti wáyé ní Ìbàdàn. Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan tí ń jẹ́ Rattan Lal fi ohun tí ó lé ní ọdún 15 wọn bí òjò ṣe ń ṣe ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1979, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ilẹ̀ igbó kan, wọ́n sì ṣán an ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Wọ́n fi àdá ṣán apá kan bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣe é, wọ́n sì dá àwọn igi kan sí. Wọ́n fi ọwọ́ ṣán apá kejì mọ́ tónítóní. Katapílà tí ó ní abẹ níwájú ni wọ́n tì wọ apá kẹta. Katapílà tí ó ń ti igi ṣubú, tí ó sì ń fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, ni wọ́n fi ṣán ìyókù.

Nígbà tí òjò rọ̀ tán, wọ́n wo ìwọ̀n. Níbi tí wọ́n ti fi àdá ṣán bí ti àgbẹ̀, àgbàrá tí ó ṣàn kò tó 3 mílímítà, erùpẹ̀ tí ó bá a lọ lórí hẹ́kítà kan kò sì ju nǹkan bí kìlógíráàmù 10 lọ. Ènìyàn kan lè rù ú lórí. Níbi tí katapílà ti fa gbòǹgbò tu, tí wọ́n sì tún fi ẹ̀rọ túlẹ̀ rẹ̀, àgbàrá tí ó ṣàn jẹ́ 250 mílímítà, erùpẹ̀ tí ó sì lọ lórí hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 20. Ó di ẹrù tírélà. Òjò kan náà ni o. Ìlú kan náà ni.

Kì í ṣe pé kí gbogbo àgbẹ̀ padà sí oko ayé àtijọ́ ni ìṣirò yìí ń wí, nítorí àgbàdo oko aládàá kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà láàárín: níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ ṣán ilẹ̀ mọ́, tí wọn kò sì túlẹ̀, àgbàdo ṣe dáadáa, erùpẹ̀ tí ó lọ kò sì tó ìdajì tọ́ọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú bí a ṣe ń ṣán ilẹ̀ ju pé a ṣán an lọ. Òjò wa kì í sì í ṣe òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá ti bá ilẹ̀ ní ìhòòhò, kò ní dúró de ìgbà tí gbòǹgbò yóò jẹrà bíi ti Amẹ́ríkà. Àwọn ará Ìbàdàn tí Ògùnpa ya wọ ilé wọn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tí ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún bá a lọ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn bí odò tí ènìyàn lè bọ́ sókòtò là kọjá láàárọ̀ ṣe lè di òkun lálẹ́.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó sún mọ́ ọkàn Yorùbá ju gbogbo wọn lọ. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà 75. Èèwọ̀ ni láti gé igi ibẹ̀, láti ṣọdẹ níbẹ̀, tàbí láti pa ẹja inú omi rẹ̀. Olóògbé Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jà fún un, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Bí ìtọ́jú etí odò bá lè gba odò là, Ọ̀ṣun ni ì bá mọ́ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Síbẹ̀, omi Ọ̀ṣun pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Èèwọ̀ igbó kò bàjẹ́, àwọn àwòrò kò sùn. Òkè ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgèdè Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì wà lára ilẹ̀ tí ó ń bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń wa góòlù láìgba àṣẹ ti ń gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń fi omi fọ erùpẹ̀, tí ìṣàn kéékèèké tí kò sí lórí máàpù ẹnikẹ́ni sì ń gbé ẹrẹ̀ náà wá sínú odò ńlá. Wọ́n fọ garawa mọ́ tónítóní ní Òṣogbo, ẹyẹ ń yàgbẹ́ sórí òrùlé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ odò kékeré fi ń kan gbogbo ènìyàn. Odò ńlá kò sí níbì kan tí kì í ṣe àwọn kéékèèké ni ó pàdé di òun. Bí ọba àti ìjòyè ìlú bá fẹ́ mọ ìdí tí odò ìlú wọn fi ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó sì ń ya wọ ilé nígbà òjò, kí wọ́n má dúró sétí omi. Kí wọ́n gba ipasẹ̀ omi náà gòkè, láti ìṣàn dé ìṣàn, títí wọn yóò fi dé orí òkè tí ó ya omi sọ́tùn-ún sósì. Kí wọ́n bèèrè ta ni ó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ta ni ó ń gé igi rẹ̀, ta ni katapílà ń ṣiṣẹ́ fún, kí ni wọ́n sì ń dà síbẹ̀. Bí òkè náà bá wà ní ilẹ̀ ìlú mìíràn, kí wọ́n lọ bá ìlú náà jókòó, nítorí omi kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀.

Odò Hubbard kò lágbára, kò lówó, kò sì ní àwòrò. Ohun tí ó ní ni àwọn ènìyàn tí ó jókòó tì í, tí wọ́n ń ka ohun tí ó ń sọ láìsinmi. Odò tiwa náà ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí omi rẹ̀ bá yí àwọ̀ padà ni ó ń sọ ọ́, ìgbà tí ẹja rẹ̀ bá ń tán ni ó ń sọ ọ́, ìgbà tí ó bá gbẹ kí Kérésìmesì tó dé ni ó ń sọ ọ́. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n onílé tí ó dúró di ìgbà tí àgbàrá bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti pẹ́ jù. Orí òkè ni ó yẹ kí ó ti lọ pàdé rẹ̀.